Bí Kọ̀ǹpáílà Ṣe Ń Mọ Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣiṣẹ́ Fún

Kọ̀ǹpáílà ni irinṣẹ́ tó ń sọ ohun tí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kọ di àṣẹ tí ẹ̀rọ lè tẹ̀ lé. Ohun méjì ló gbọ́dọ̀ mọ̀: irú ẹ̀rọ tí yóò lo iṣẹ́ náà, àti ibi tí làíbìrì ẹ̀rọ ọ̀hún, ìyẹn àkójọ kóòdù tí a ti kọ sílẹ̀ fún ìlò, wà.

Nígbà tí Grace Hopper ṣe kọ̀ǹpáílà A-0 fún ẹ̀rọ UNIVAC lọ́dún 1952, tí ikọ̀ John Backus sì gbé FORTRAN jáde fún IBM 704 lọ́dún 1957, kò sí ohun tó ń jẹ́ yíyàn: ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan fún. Èdè C ló yí i padà. Wọ́n fi tún Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, kọ lọ́dún 1973, Unix sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láti orí ẹ̀rọ kan bọ́ sórí òmíràn. Kọ̀ǹpáílà GCC tí Richard Stallman gbé jáde lọ́dún 1987 wá di èyí tí oríṣiríṣi ẹ̀rọ ń lò, ó sì di dandan kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lórúkọ.

Orúkọ náà ń sọ irú pírósẹ́sọ̀, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ, àti ètò tó ń darí rẹ̀, bíi x86_64-pc-linux-gnu. Ará Abẹ́òkúta mọ irú ìdárúkọ bẹ́ẹ̀: ṣé Ẹ̀gbá Aláké ni ọ́ tàbí Òkè-Ọnà, Gbágùrá tàbí Òwu? Bó bá jẹ́ Aláké, ṣé Kémta ni tàbí Ìjẹùn? Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tó kan agbo ilé. Ìwé àṣẹ kékeré kan, config.guess, ló ń bi ẹ̀rọ léèrè, tó sì ń pe orúkọ rẹ̀.

Orúkọ yìí ló ń júwe ọ̀nà. Lórí Debian, ẹ̀yà Linux kan, láti Debian 7 ti ọdún 2013, làíbìrì wà nínú àpò tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀rọ rẹ̀, bíi /usr/lib/x86_64-linux-gnu. Kọ̀ǹpáílà á mú crt1.o, tó ń ta iṣẹ́ náà jí, á mú libc, làíbìrì èdè C, á sì kọ ojú ọ̀nà ld-linux-x86-64.so.2, tó ń so làíbìrì mọ́ iṣẹ́ náà, sínú rẹ̀. Lórí Alpine, ẹ̀yà Linux mìíràn tó ń lo libc tó ń jẹ́ musl dípò glibc ti Debian, ojú ọ̀nà yẹn kò sí. Iṣẹ́ tí a ṣe fún glibc kì í sábà dìde níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB, yunifásítì kan l'Abẹ́òkúta, tó ń fi kọ̀ǹpútà x86_64 ṣe iṣẹ́ fún fóònù ARM gbọ́dọ̀ dárúkọ fóònù náà, kó sì fi --sysroot tọ́ka sí làíbìrì rẹ̀. Android NDK, àpò irinṣẹ́ fún ṣíṣe iṣẹ́ fún Android, ti kó méjèèjì pọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, kó tẹ gcc -dumpmachine, tó ń sọ orúkọ ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpáílà ń ṣiṣẹ́ fún. Bí orúkọ tó jáde kò bá bá ẹ̀rọ tó ní lọ́kàn mu, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.