Agbẹ́jọ́-Ẹnìkan-Dá: Ìjọ Kristi, Ìròyìn àti Ìyapa Òṣèlú láti Ogun Ìjàyè dé Orí WhatsApp

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Lẹ́yìn ìbò ààrẹ ọjọ́ 25, oṣù Kejì, ọdún 2023, a rí ohun tí òwe yìí ń sọ nínú ìjọ tiwa gan-an. Yorùbá àti Ígbò tí wọ́n jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin kan náà ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ tí a kò mọ ẹni tí ó kọ ọ́ bú ara wọn lórí WhatsApp. Kí ìbò gómìnà ọjọ́ 18, oṣù Kẹta tó dé, àwọn mìíràn kò kí ara wọn mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹ̀bi náà lé fóònù lórí. Èrò tiwa nínú iṣẹ́ yìí ni pé àìsàn náà ti wà lára ìjọ kí fóònù tó dé. Ìtàn ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ni a ó fi ṣe ẹ̀rí.

Ìwé Ìròyìn àti Ogun Ìjàyè

Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S. ní Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó ń jáde, owó ẹyọ 120 sì ni wọ́n ń tà á. Ó fẹ́ kí ìwé kíkà mọ́ àwọn ènìyàn lára, kí wọ́n lè máa tipa bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ń lọ. Ète rere ni.

Ọdún náà ni Aláàfin Àtìbà wàjà. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó wà ní Ìjàyè, kọ̀ láti gba Adélù ọmọ Àtìbà ní ọba, nítorí àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Ìbàdàn wà lẹ́yìn Adélù. Ẹ̀gbá lọ gbèjà Ìjàyè. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, Ìjàyè sì fọ́ ní oṣù Kẹta, ọdún 1862.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ìjọ nìyí. Ẹgbẹ́ C.M.S. kan náà ni Townsend ń ṣiṣẹ́ fún ní Abẹ́òkúta, òun náà ni David Hinderer ń ṣiṣẹ́ fún ní Ìbàdàn, àti Adolphus Mann ní Ìjàyè. Bíbélì kan náà ni wọ́n ń kà. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ Ẹ̀gbá ni Townsend ń rí, ti Ìbàdàn ni Hinderer ń rí. A kò sọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ẹnu àwọn tí olúkúlùkù ń bá gbé ni ó ti ń gbọ́ ìròyìn. Nínú wọn, ọwọ́ Townsend ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà, nítorí náà ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá ni ó ń dé etí aráyé. Láàárín ìgbà yìí, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti dí ọ̀nà etíkun mọ́ Ìbàdàn, débi pé Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ ń ta ẹrù ilé wọn kí wọ́n tó rí jẹ.

Ní ọdún 1867, ìjà Ẹ̀gbá pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó gbóná dé góńgó. Nínú rògbòdìyàn tí a ń pè ní Ìfọ́lé, wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú, wọ́n kó ilé ìjọsìn, wọ́n sì ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́. Gbogbo ìgbèjà tí Townsend ti gbèjà Ẹ̀gbá kò gba ìwé ìròyìn rẹ̀ là.

Láti Orí Bébà dé Orí Fóònù

Ìyàtọ̀ wà o. A mọ ẹni tí ń tẹ Ìwé Ìròyìn. Àtẹ̀jíṣẹ́ tòní kò ní bàbá, kò ní ìyá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó sì fi ń kárí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n pípa ohun èlò ìròyìn rẹ́ kò pa ìjà rẹ́ nígbà kankan. Ìwé Ìròyìn kú ní 1867, síbẹ̀ ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa láti oṣù Kẹfà, ọdún 2021 títí di oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2022. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni a bú ara wa jù.

Ẹ̀kọ́ Jóṣúà 22

Nínú ìwé Jóṣúà orí 22, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì gbọ́ pé àwọn ẹ̀yà tí ó wà ní òdìkejì Jọ́dánì mọ pẹpẹ kan. Wọ́n kó ogun jọ ní Ṣílò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbéra, wọ́n rán Fínéhásì àlùfáà àti ìjòyè mẹ́wàá lọ béèrè. Ìdáhùn tí wọ́n gbọ́ ni pé ẹ̀rí ìṣọ̀kan ni pẹpẹ náà, kì í ṣe ti ọlọ̀tẹ̀. Ogun kò sì wáyé mọ́. Ohun tí àwọn òjíṣẹ́ C.M.S. ìbá ti ṣe fún ara wọn ní 1860 nìyí: kí ará Abẹ́òkúta gbọ́ ti Ìbàdàn lẹ́nu Hinderer kí ó tó tẹ̀wé.

Àgbálọgbábọ̀

A dábàá pé kí àwọn àlùfáà má ṣe tari àtẹ̀jíṣẹ́ òṣèlú tí wọn kò mọ orísun rẹ̀ sí àwọn ọmọ ìjọ, nítorí ẹnu àlùfáà ni ọ̀pọ̀ ń gbà gbọ́. Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bí nínú lọ bá arákùnrin tàbí arábìnrin rẹ̀ lójúkojú kí ó tó dá a lóhùn ní gbangba. Kí àwa olùkọ́ sì máa fi ìtàn Ogun Ìjàyè kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ìhà méjèèjì. Àwọn tí ìbò pín níyà ṣì ń jókòó lórí àga kan náà ní ọjọ́ Ìsinmi. Níwọ̀n ìgbà tí èyí bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ìjọ kò ní àwáwí fún agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá.