Aago

Ọ̀rọ̀-orúkọ. A tún ń pè é ní agogo.

1. Ohun èlò tí ń sọ àkókò. “Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni ọkọ̀ yóò gbéra láti Òde-Ayé lọ sí Òkìtìpupa.”

2. Nínú kọ̀ǹpútà: ohun èlò tí a fi ń mọ iye àkókò tí ó ti kọjá.

Àkíyèsí ìlò: Nínú ìtumọ̀ kejì, kí olùtumọ̀ má ṣe fi aago pe òǹkà. TSC, tí ó bá Pentium ti Intel dé ní 1993, òǹkà ni. Ọpọlọ kọ̀ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà ọlọ́pọlọ púpọ̀ ni ó ní tirẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, iye wọn lè máà dọ́gba. Ìṣẹ̀lẹ̀ kejì a sì dà bí ẹni pé ó ṣáájú èkínní. HPET dà bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì: ẹyọ kan ni, gbogbo ọpọlọ ni ó ń lò ó, ṣùgbọ́n kíkà rẹ̀ máa ń pẹ́ ju ti TSC lọ. TSC òde òní kì í yí ìwọ̀n ìrìn rẹ̀ padà. Bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, òun ni kí a yàn. “Àwọn òǹkà náà kò bára mu, ẹ jẹ́ kí a lo HPET.”