Ta Ló Ń Gbọ́ Bùkátà Ìwé Káfíńtà?

Kí èèyàn tó san àsansílẹ̀ owó ọdún kan fún magasíìnì iṣẹ́ igi, ìbéèrè kan wà tí mo máa ń ní kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀: ta ló ń gbọ́ bùkátà ìwé náà? Bó bá jẹ́ ẹni tó ń kà á ni, ohun tí òǹkàwé nílò ni wọn yóò máa kọ. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni yóò gba ilé kan. Iṣẹ́ àga àti tábìlì ni mo fi ń jẹun n'Ìbàdàn, mo sì fẹ́ràn àwọn ìwé yìí gan-an, pàápàá àwọn ògbólógbòó inú wọn. Ìtàn wọn ló kọ́ mi ní ìbéèrè náà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1889, ilé iṣẹ́ Cassell ní London gbé ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Work. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń jáde, kọ́bọ̀ kan owó wọn, ìyẹn pẹ́nì kan, sì ni iye rẹ̀. Iṣẹ́ igi wà níbẹ̀, iṣẹ́ irin wà níbẹ̀, títí kan bí a ṣe ń di ìwé. Àyè kan wà tí òǹkàwé ti lè béèrè ohun tó rú u lójú, kí ẹni tó mọ̀ dá a lóhùn. Láyé ìgbà náà, ohun tí ọ̀gá bá mọ̀, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń fi hàn. Ẹni tí kò rówó kọ́ṣẹ́ wá rí i pé pẹ́nì kan tó láti fi gbọ́ ẹnu ọ̀gá.

Èyí tó sún mọ́ wa jù nínú gbogbo wọn ni The Woodworker, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1901 nílùú ọba. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Evans Brothers ti London ló ń tẹ̀ ẹ́. Evans tí ẹ mọ̀ náà ni, àwọn tó dá ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1966, tí ìwé wọn kún àpò àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa. Láti 1939 títí di 1967, Charles Hayward ni olóòtú The Woodworker. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ kó tó di pé ó ń kọ̀wé nípa rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ya púpọ̀ nínú àwòrán tó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ rìn.

Ọdún tí ogun Hitler bẹ̀rẹ̀ ló gorí àga olóòtú. Igi di ohun tí ìjọba ń pín, bébà náà sì di ọ̀wọ́n. Ní 1942, ìjọba wọn gbé ètò Utility kalẹ̀, débi pé nígbà tó yá, irú àga àti bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bá fọwọ́ sí nìkan ni ilé iṣẹ́ lè máa ṣe. Olóòtú mìíràn ì bá ti ìwé pa. Hayward kò ti í pa. Ẹni tí kò rí igi tuntun rà, tí kò ní ẹ̀rọ, tó jẹ́ ayùn, pléènì àti ṣísẹ̀lì nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Èmi ò mọ òǹkọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè tó tún bá káfíńtà Ìbàdàn mu tó bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ, iṣẹ́ inú ìwé Hayward kò dúró.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ l'Ókè-Àdó ní àwọn ìdì The Woodworker ti àwọn ọdún 1950. Ikán ti jẹ ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wọn. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń pọ́n ṣísẹ̀lì àti ojú pléènì ti dúdú fún òróró ọwọ́, àmì pẹ́ńsù sì kún etí rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń polówó ọjà mọ́ nigín-nigín, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Títí dòní, bí mo bá ń yẹ magasíìnì wò, ojú ìwé tí ọwọ́ yóò sọ di dúdú ni mo ń wá.

Ẹ wo ohun tí Hayward fi kọ́ni. Ó ṣàlàyé pé igi tí a ti là kò tíì ṣíwọ́ mímí: bí ọ̀rinrin bá wà nínú afẹ́fẹ́, yóò wú, bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, yóò sún kì. Fífẹ̀ rẹ̀ ló ń yí padà, gígùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Nítorí náà, pákó àárín ilẹ̀kùn, inú kòtò tí a là sára férémù ni kí a tì í bọ̀, kí a má fi gọ́ọ̀mù dè é mọ́bẹ̀, kó lè ráyè wú kó sì ráyè sún kì. England kò mọ ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí orí tábìlì àpá tó là láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun lóṣù Kìíní, lẹ́yìn tí oníbàárà ti sanwó tán, yóò mọ̀ pé àwa gan-an ni ẹ̀kọ́ yẹn wà fún. Igi wa náà kò sì jẹ́ àjèjì sí wọn: púpọ̀ nínú tábìlì yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ Britain láyé ìgbà náà, ìrókò ni wọ́n fi ṣe é.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà ya. Ilé iṣẹ́ Delta ní Milwaukee, tó ń ṣe àwọn ẹ̀rọ ìlagi kéékèèké fún lílò nínú ilé, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Deltagram ní 1932. Ó kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn níṣẹ́, n kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ Delta ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀. Ẹni tí kò bá ní in, ìwé ti parí fún un ní ojú ewé kìíní.

Paul Roman àti Jan ìyàwó rẹ̀ ló gba ọ̀nà mìíràn. Paul fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní General Electric, tọkọtaya náà sì gbé Fine Woodworking jáde ní 1975 ní Newtown, ìpínlẹ̀ Connecticut. Ìwé aláwọ̀ dúdú àti funfun ni, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an ni wọ́n sì ní kó máa kọ ọ́. Tage Frid wà lára wọn, ọmọ Denmark tó ń kọ́ni ní Rhode Island School of Design, tí àlàyé rẹ̀ lórí fífi ayùn ọwọ́ gé dọ́fùtéèlì ṣì wúlò. Ìwé yìí ń gba ìpolówó ọjà o, síbẹ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé látìbẹ̀rẹ̀ ni owó òǹkàwé ti jẹ́ òpó rẹ̀. Donald Peschke tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tó bẹ̀rẹ̀ Woodsmith ní Des Moines, ìpínlẹ̀ Iowa, ní 1979, ojú ewé 8 péré ni, kò sì gba ìpolówó kankan.

Ẹ má rò pé àìgbìpolówó nìkan ló ń mú ìwé pẹ́ láyé. Christopher Schwarz gbìyànjú rẹ̀ ní 2004 pẹ̀lú Woodworking Magazine, ìwé tó dára gidigidi. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi dà á pọ̀ mọ́ Popular Woodworking. American Woodworker, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1985, kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2014. Ní 2019, F+W, ilé iṣẹ́ tó ni Popular Woodworking, wọ gbèsè títí ó fi dé ilé ẹjọ́, ìwé náà sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó san àsansílẹ̀ ọdún mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bó ti wù kí ẹ̀dínwó rẹ̀ pọ̀ tó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ káfíńtà tó ń béèrè lọ́wọ́ mi, èsì mi rèé. Bí o bá ní owó tí o lè yọ sílẹ̀ lọ́dọọdún, Fine Woodworking ni kí o sanwó fún, kí o sì rí i pé àǹfààní àtika àwọn ti àtẹ̀yìnwá lórí íntánẹ́ẹ̀tì wà nínú ohun tí o sanwó rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìṣúra wà. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré lo lè náwó, má san àsansílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Schwarz àti ẹnì kejì rẹ̀, John Hoffman, dá Lost Art Press sílẹ̀ ní 2007, wọ́n sì ti ṣa iṣẹ́ Hayward inú The Woodworker jọ sínú ìdì ìwé mẹ́rin. Ra èyí tó dá lórí irinṣẹ́.