Gbólóhùn Ìrìn-àjò ní Èdè Jámánì àti Èdè Ítálì: Ohun tí Yorùbá àti Hausa Ti Fi Sẹ́nu Ará Sabon Gari

Gbólóhùn tí ìrìn-àjò ń béèrè ní èdè Jámánì àti èdè Ítálì kò pọ̀: ìkíni, ọ̀nà bíbéèrè, owó, àsìkò, oúnjẹ, àti igbe ìrànlọ́wọ́. Ohun tó ń mú kí wọ́n tètè yọ̀ mọ́ ẹnìkan lẹ́nu, kí wọ́n sì nira fún ẹlòmíràn, ni èdè tó ti wà lẹ́nu onítọ̀hún tẹ́lẹ̀. Ní Sabon Gari, Kánò, ọmọ Yorùbá kì í sábà ní èdè ẹyọ kan. Yorùbá ni ti ilé, Hausa ni ti ọjà, Gẹ̀ẹ́sì ni ti ilé ìwé. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ìwé atọ́nà arìnrìn-àjò gùn lé, bẹ́ẹ̀ ní ti ìró, ti òǹkà àti ti ọ̀wọ̀, Yorùbá àti Hausa ló súnmọ́ èdè méjèèjì yìí jù.

Kíkọ́ gbólóhùn nítorí àjò kì í ṣe nǹkan tuntun ní àdúgbò náà. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Kánò ní 1903, tí ojú irin sì dé ibẹ̀ ní 1911, ni wọ́n ya Sabon Gari sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi ìlú fún àwọn tó wá láti gúúsù. Yorùbá tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè, iṣẹ́ akọ̀wé tàbí òwò ní láti tètè mọ “Nawa ne?” tí a fi ń béèrè iye ọjà, àti “Rage mini” tí a fi ń ní kí wọ́n bá ni dín in kù. Àlejò tó dá iye kan, tí ọlọ́jà sì dá a lóhùn pé “Albarka”, lè rò pé alùbáríkà ni wọ́n ń wú fún òun, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú owó. Ohun tí ọlọ́jà ń sọ ni pé owó náà kò tó. Irú ẹ̀kọ́ báyìí, tó ju ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lásán lọ, ni ẹni tó ń lọ sí Berlin tàbí Milan náà nílò.

Àwọn ará Jámánì pàápàá ti gba ọ̀nà yìí wá rí. Arìnrìn-àjò Heinrich Barth wọ Kánò ní oṣù Kejì 1851, Hausa tó ti kọ́ ló sì fi ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Ṣáájú rẹ̀, J. F. Schön, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì tó bá Samuel Ajayi Crowther wọ ọkọ̀ gòkè odò Ọya ní 1841, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ Hausa jọ. Ìwé gírámà rẹ̀ jáde ní 1862. Láti 1963 sì ni rédíò Deutsche Welle ti ń sọ̀rọ̀ ní Hausa láti Jámánì.

Èdè Ítálì ló rọrùn jù fún ẹnu Yorùbá. Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje ni Yorùbá ní: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Méje yìí gan-an ni Ítálì àjùmọ̀lò ní. “Pesca” tí a bá pè ní e ni iṣẹ́ ẹja pípa. Tí a bá pè é ní ẹ, ó di èso kan. Ìwé tí wọ́n kọ fún ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní láti ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí títí, síbẹ̀ kí ó má yé e. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé kankan. Fáwẹ̀lì ló parí ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀rọ̀ Ítálì, bó ṣe rí ní Yorùbá. Ohun kan ló yẹ kí òǹkàwé Yorùbá ṣọ́ra fún: àmì orí lẹ́tà. Nínú “perché”, tí a fi ń béèrè ìdí, àmì orí e kì í ṣe ohùn òkè. E lásán ló ń tọ́ka sí. Nínú “caffè”, àmì náà kì í ṣe ohùn ìsàlẹ̀. Ẹ ló dúró fún. Àmì méjèèjì tún ń fi hàn pé sílébù yẹn ni a ó tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ibi tí Yorùbá kò ti lè ranni lọ́wọ́ ni kọ́ńsónáǹtì tí Ítálì ń fà gùn. “Nono” ni ìkẹsàn-án, “nonno” ni bàbá àgbà. Hausa ló mọ èyí: ẹni tó ti ń pe “allo”, wàláà ọmọ ilé kéwú, bó ti yẹ, tó dúró díẹ̀ lórí l kí ó tó tú u sílẹ̀, ti ní àṣà náà lẹ́nu. Lẹ́tà p náà fẹ́ ìṣọ́ra. Ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ni Yorùbá fi ń pè é pọ̀, bíi ti “pẹpẹ”. Ètè nìkan ni ti “per favore”, gbólóhùn ẹ̀bẹ̀ tí arìnrìn-àjò yóò lò jù.

Èdè Jámánì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́ńsónáǹtì a máa tò tẹ̀lé ara wọn, bíi ti “sprechen”, ẹnu Yorùbá a sì máa fẹ́ ki fáwẹ̀lì bọ̀ wọ́n láàárín. Bí ẹni yóò tilẹ̀ rọra lọ, kí ó má ṣe fi fáwẹ̀lì kún un, nítorí àfikún yẹn ni olùgbọ́ kì í lè tú. Ìró ü àti ö kò sí ní Yorùbá: a ó pe i, kí a sì ká ètè jọ bí ẹni fẹ́ súfèé, ü yóò jáde. Gígùn fáwẹ̀lì a tún máa ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. “Stadt” tó kúrú ni ìlú, “Staat” tó gùn ni orílẹ̀-èdè. Ará Sabon Gari ti mọ irú èyí láti inú Hausa, níbi tí “gari” tí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ rẹ̀ kúrú ti jẹ́ ìlú, tí èyí tó gùn sì jẹ́ ìyẹ̀fun.

Ní ti òǹkà, nǹkan yí padà. Yorùbá ń fi ẹyọ ṣáájú: ọ̀kànlélógún, méjìlélógún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Jámánì ń ṣe. “Einundzwanzig” ni ẹyọ kan àti ogún. Hausa ń fi ogún ṣáájú, “ashirin da ɗaya”, Ítálì náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, “ventuno”. Nítorí náà, Yorùbá ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ka owó Jámánì, kí ó fi Hausa ka ti Ítálì. Ẹni tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ “vierundzwanzig” yóò fẹ́ san yúrò 42 fún ọjà yúrò 24. Láàárín ogún àti ọgbọ̀n, ìbáramu náà dé 24 nìkan, nítorí láti 25 ni Yorùbá ti ń yọ márùn-ún kúrò nínú ọgbọ̀n, tí Jámánì sì ń fi ẹyọ kún ogún lọ.

Aago ni ìdẹkùn tó burú jù. “Halb drei” kì í ṣe aago mẹ́ta ààbọ̀. Aago méjì ààbọ̀ ni, nítorí ìdajì ọ̀nà sí mẹ́ta ni Jámánì ń kà. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ti tó láti mú kí ọkọ̀ já ènìyàn sílẹ̀. Ítálì kò ní wàhálà bẹ́ẹ̀: “le due e mezza” ni méjì àti ààbọ̀, bí Yorùbá àti Hausa ṣe ń wí i.

Ọ̀wọ̀ dùn mọ́ Yorùbá létí nínú èdè méjèèjì. Jámánì ní “du” bíi “o” àti “Sie” bíi “ẹ”. Ítálì ní “tu” àti “Lei”. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kọ́ ni wọ́n fi ń pín in láàárín àgbàlagbà, bí kò ṣe ìmọ̀ra-ẹni. Àgbà ọlọ́gọ́ta ọdún yóò pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba owó ní báńkì ní “Sie”. Ọmọ Yorùbá tó rò pé òun ju onítọ̀hún lọ, tó wá pè é ní “du”, ti wọ́ ọ nílẹ̀ láìmọ̀. “Ciao” náà wà fún ẹni tí a jọ mọ ara wa. “Buongiorno” ni ti àlejò, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ bí a bá ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn ọ̀rọ̀ ara ògiri kò fẹ́ pípè, kíkà ni wọ́n fẹ́. Ní Ítálì, “Signori” ni ilé ìyàgbẹ́ ọkùnrin, “Signore” ni ti obìnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “signore” kan náà ni a fi ń pe ọkùnrin kan ní ọ̀gá. C lára ẹ̀rọ omi ni “calda”, omi gbígbóná. Tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé ti ọkọ̀ ojú irin agbègbè gbọ́dọ̀ gba òǹtẹ̀ ẹ̀rọ kí a tó wọlé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ owó ìtanràn ń bọ̀. Mùsùlùmí yóò fẹ́ mọ “Non mangio maiale” àti “Ich esse kein Schweinefleisch”, pé òun kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Igbe ìrànlọ́wọ́ ni “Aiuto!” ní Ítálì, “Hilfe!” ní Jámánì, 112 sì ni nọ́ńbà pàjáwìrì níbi méjèèjì.

Orúkọ ẹni ni wọ́n sábà máa ń ní kí àlejò pè ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kayode di “ka, a, Ypsilon, o, de, e” ní Jámánì, “kappa, a, ipsilon, o, di, e” ní Ítálì. Ẹni tó bá pe E bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, I ni òṣìṣẹ́ yóò kọ sílẹ̀. Ẹni tó pè é bíi ti ábídí Yorùbá ti gbà á.

Ìrìn-àjò ọjọ́ díẹ̀ yàtọ̀ sí lílọ gbé. Láti 2007, púpọ̀ nínú àwọn tó fẹ́ lọ bá ọkọ tàbí aya wọn gbé ní Jámánì ní láti fi ẹ̀rí ìpele A1 nínú èdè Jámánì hàn. Nínú ìdánwò Goethe-Institut, tó ní ọ́fíìsì ní Èkó láti 1962, gbígbọ́, kíkà, kíkọ àti sísọ ni wọ́n ń dán wò, máàkì 60 nínú 100 sì ni a fi ń yege. Gbólóhùn àkọ́sórí kò lè gbé ẹnikẹ́ni já níbẹ̀.

Àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá tó wà ní Kánò ló yẹ kó ṣe ìwé atọ́nà tí yóò fi lẹ́tà Yorùbá kọ ìró Ítálì, tí yóò sì fi òǹkà Yorùbá kọ́ni ní ti Jámánì. Iṣẹ́ náà wà ní ìkáwọ́ wọn, kí wọ́n bá wa ṣe é.