Ìṣákọ́lẹ̀ àti Owó Ilé

Ẹ jẹ́ kí á tú ọ̀rọ̀ náà "ayálégbé" palẹ̀: a-yá-ilé-gbé. Ohun tí a bá yá, a óò dá a padà. Ṣùgbọ́n bí ayálégbé bá dá ilé padà kí ọdún tó pé, ta ni ó ni owó oṣù tí ó kù?

Láyé àtijọ́, ìbéèrè yìí kò fi bẹ́ẹ̀ le. Àgbẹ̀ tí ó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ a máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún: iṣu tàbí epo pupa, nígbà tí ó yá, kòkó tàbí owó. Láti inú ìkórè ni ó ti ń san án. Bí ó bá ṣí lọ, kò sí àsansílẹ̀ tí yóò bèèrè.

Ní ìgboro Èkó, àsansílẹ̀ ni owó ilé dà. Ní ọdún 2011, òfin ìpínlẹ̀ náà kà á léèwọ̀, ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, kí onílé gbà ju owó ọdún 1 lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Lójú tèmi, èyí dín àdánù ẹni tí ó bá tètè kó jáde kù, ṣùgbọ́n kò mú un kúrò. Nítorí náà, kí a tó sanwó, kí á kọ ọ̀rọ̀ owó tí ó bá kù sínú ìwé àdéhùn.