Ìbò Kì Í Ṣe Oyè: FIDE àti Eléré Chess láti Ìkẹjà dé Agége

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa ìṣàkóso chess lágbàáyé kì í kúrò lórí Campomanes. Wọ́n ní láti 1982, nígbà tí ọmọ Philippines yìí di ààrẹ FIDE, àjọ chess àgbáyé, ní Lucerne, ni ìbò Áfíríkà ti dohun tí wọ́n ń wá kiri, nítorí pé ìbò kan ṣoṣo ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní. Àwọn kan ní ètò yìí ló sọ wá di ọjà. Àwọn kan ní òun ló fún wa lóhùn. Lójú tèmi, ibì kan náà ni tọ̀túntòsì ti ṣìnà: wọ́n ka agbára nínú àjọ sí agbára nínú eré.

Ìbò náà lágbára lóòótọ́. Nínú ìdìbò ààrẹ FIDE ní Tromsø lọ́dún 2014, ìbò 110 ni Ilyumzhinov ní, Kasparov ní 61. Ní Batumi lọ́dún 2018, Dvorkovich ní 103, Makropoulos ní 78. Bí gbogbo Áfíríkà bá kẹ̀yìn sí ẹni tó wọlé nínú ìdìbò méjèèjì yìí, ó ṣòro láti rí bí ì bá ṣe wọlé. Ìbò Nàìjíríà kò sì fi ohunkóhun kéré sí ti Rọ́ṣíà.

Oyè wá ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ di Grandmaster, oyè tó ga jù lọ nínú chess, gbọ́dọ̀ kó norm (ẹ̀rí pé ó ta eré tó yẹ oyè náà nínú ìdíje kan) jọ títí eré inú wọn yóò fi pé 27, kí rating rẹ̀ (òǹkà tó ń fi agbára eléré hàn) sì dé 2500. Nínú ìdíje norm kọ̀ọ̀kan, òǹkà bó ṣe ta á níbẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 2600, ó gbọ́dọ̀ bá Grandmaster mẹ́ta ó kéré tán ta á, àwọn alátakò rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè tirẹ̀ nìkan, àyàfi níbi díẹ̀ tí òfin ti fàyè sílẹ̀. Òfin alátakò àjèjì yìí ni àwọn òǹkọ̀wé wa máa ń fò bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì ni. Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ wà.

Ẹ wo Budapest. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìdíje First Saturday fi ń wáyé níbẹ̀ lóṣooṣù, kí eléré lè rí norm gbà. Ọmọ ìlú náà yóò wọ tírámù lọ bá àjèjì ta chess, yóò sì sùn sílé bàbá rẹ̀ lálẹ́. Ẹ wá wo ọ̀dọ́ Agége tó mọ chess bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé. Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed wà ní Ìkẹjà nítòsí rẹ̀, ṣùgbọ́n físà àti owó tíkẹ́ẹ̀tì ló wà láàárín òun àti àjèjì tó yẹ kó bá ta á. Bó bá ń ṣe ṣíìfù nílé-iṣẹ́ kan ní Ọba Akran, ọ̀gá wo ni yóò fún un ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan láti lọ ta eré mẹ́sàn-án? Òfin kan náà ni fún àwọn méjèèjì lórí ìwé. Ohun tí òfin náà ń gbà lọ́wọ́ wọn kò dọ́gba rárá.

Ẹ̀rí wà. Amon Simutowe ti Zambia, Grandmaster àkọ́kọ́ láti gúúsù aṣálẹ̀ Sahara, gba oyè rẹ̀ ní 2009. Amẹ́ríkà ló ti kàwé, Netherlands ló sì ti rí norm tó kẹ́yìn. Kenny Solomon ti South Africa kò gba ọ̀nà yẹn: ó borí nínú ìdíje Áfíríkà ní Windhoek lópin 2014, oyè sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ tààrà. Àwọn kan ń pe irú oyè bẹ́ẹ̀ ní oyè àánú. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ iye tí tírámù Budapest ń gbà fún wa! Oyè tààrà ni ibì kan ṣoṣo tí mo ti rí i pé òfin FIDE ka jíjìnnà sí ohun tó yẹ ká san padà fún ènìyàn.

Àbí àwọn eléré wa ni kò mọ̀ ọ́n tó? Ó ṣeé ṣe, n kò sẹ́. Ṣùgbọ́n Odion Aikhoje gba góòlù ẹnìkọ̀ọ̀kan ní Olympiad Elista ní 1998, International Master, oyè tó wà lábẹ́ Grandmaster, ló sì jẹ́ títí di òní. Nàìjíríà kò tíì ní Grandmaster kankan.

Tunde Onakoya ńkọ́? Láti 2018 tó ti dá Chess in Slums Africa sílẹ̀, ó ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní chess, títí kan àwọn ọmọ abẹ́ afárá Òṣòdì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ó ta chess fún wákàtí 60 ní Times Square. Gbogbo ayé gbọ́. Ọ̀nà ìwé àkọsílẹ̀ Guinness ló gbà, kì í ṣe ti FIDE, kò sì sí rating kankan nínú wákàtí 60 náà. Èyí fi hàn mí pé òkìkí chess wa ti gba ẹ̀yìn àjọ kọjá, nígbà tí ìbò wa ṣì jókòó sínú rẹ̀.

Ohun tó yẹ ká fi ìbò rà kò ju ìdíje norm lọ: méjì lọ́dún, ní Èkó, kí FIDE gbé owó tíkẹ́ẹ̀tì àwọn Grandmaster àjèjì tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá ṣe é, mo lérò pé Nàìjíríà yóò ní Grandmaster kí sáà ààrẹ kan tó parí. Nítorí náà, nígbà tí ìdìbò mìíràn bá dé, kí àwọn àjọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà má ṣe dìbò fún olùdíje tí kò bá fi ọwọ́ sí ìwé pé òun yóò ṣe é.