Láti Owódé Onírin dé Ìkẹjà: Ìtàn Ìtọ́jú Àwọn tí Wọ́n La Ìfipábánilòpọ̀ Já ní Èkó

Nígbà tí ọkùnrin bá fi ipá bá ọmọbìnrin lò pọ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ Yorùbá máa ń wí ni pé, 'Wọ́n ti ba ọmọ yẹn jẹ́.' Ó yẹ kí a wo gbólóhùn yìí dáadáa. 'Wọ́n' tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní ojú, kò sì ní orúkọ. Ọmọ ni ìbàjẹ́ lẹ̀ mọ́ lára. 'Ìfipábánilòpọ̀' tí orí rédíò àti ilé ẹjọ́ ń lò lónìí yàtọ̀ sí i, nítorí ipá ni ó ṣíwájú nínú ọ̀rọ̀ náà, ohun tí ọ̀daràn ṣe ni ó sì ń sọ. Láàárín àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni ìtàn ìtọ́jú àwọn tí wọ́n là á já ní Èkó wà.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kò jìnnà sí àṣà ìbálé. Láyé àtijọ́, aṣọ funfun ni wọ́n ń tẹ́ sórí ẹní ìyàwó tuntun. Bí ọkọ bá bá a nílé, ẹ̀bùn á lọ sí ilé àwọn òbí rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Bí kò bá bá a nílé, ní àwọn ìlú kan, agbè ẹmu tí kò kún ni wọn yóò fi ránṣẹ́ sí wọn, ìtìjú a sì bo gbogbo agboolé. Àṣà náà gbé ìwà mímọ́ ga, ìyẹn kò ṣeé jiyàn. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun kì í béèrè bí ó bá jẹ́ ipá ni wọ́n fi mú ọmọ náà. Ìyá tí ó mọ ohun tí agbè aláàbọ̀ túmọ̀ sí ní ìdí pàtàkì láti pa ẹnu mọ́.

Òfin ìjọba amúnisìn kò tú ẹnu náà. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n mú kárí Nàìjíríà ní ọdún 1916 wá láti Queensland ní Ọsirélíà, níbi tí wọ́n ti ṣe é ní ọdún 1899. Lábẹ́ òfin yìí, ọkọ kò lè jẹ̀bi ìfipábánilòpọ̀ sí aya rẹ̀. Ní ti ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 16, ẹjọ́ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù méjì, ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo kò sì lè dá ọ̀daràn lẹ́bi. Oṣù méjì! Ìyá tí kò gbọ́ nǹkan kan títí ikùn ọmọ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ti pẹ́ jù lójú òfin. Ìlú dákẹ́ nítorí ìtìjú, òfin sì wá fi ọjọ́ dá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà lọ́lá.

Ìparí ọ̀rúndún ogún ni àwọn obìnrin kan ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara wọn jọ láti yí èyí padà. Josephine Effah-Chukwuma dá Project Alert sílẹ̀ ní ọdún 1999, ẹgbẹ́ náà sì ṣí Sophia's Place, ilé ààbò fún àwọn obìnrin tí wọ́n sá fún ìwà ipá, ní ọdún 2001. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin lórí ìwà ipá abẹ́lé àti òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní ọdún 2007, ó sì ṣe òfin ìwà ọ̀daràn tirẹ̀ ní ọdún 2011, èyí tí ó fi ẹ̀wọ̀n gbére sí orí ìfipábánilòpọ̀.

Òfin dára, àmọ́ òfin kì í wẹ ọgbẹ́. Ẹni tí ó bá jáde láti sọ̀rọ̀ nígbà náà yóò lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, yóò gba ìwé lọ sí ilé ìwòsàn, yóò tún wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ibi gbogbo ni yóò ti tún ìtàn kan náà sọ, níwájú ẹni tí kò mọ̀ rí, ibi gbogbo ni yóò sì ti sanwó. Ìdí nìyí tí oṣù keje ọdún 2013 fi ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí. Ní oṣù náà ni Mirabel Centre ṣílẹ̀kùn nínú ọgbà LASUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà. Agbẹjọ́rò Itoro Eze-Anaba àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Partnership for Justice, ni wọ́n dá a sílẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìtọ́jú ara, àyẹ̀wò àti ìmọ̀ràn wà lábẹ́ òrùlé kan, wọn kì í sì í gba owó.

Iṣẹ́ irú ibẹ̀ ní àkókò tirẹ̀. Oògùn tí ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ wọ ara láàárín wákàtí 72. Oògùn ìdènà oyún lè ṣiṣẹ́ títí di wákàtí 120, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe yá tó ni ó ṣe ń dára tó. Kì í ṣe ohun tí ó yẹ ni pé kí ẹni náà kọ́kọ́ wẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ni ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ fà sí. Inú àpò bébà ni aṣọ tí ó wọ̀ yẹ kí ó wà, kì í ṣe inú ọ̀rá, nítorí ooru àti omi inú ọ̀rá a máa ba ẹ̀rí jẹ́. Ẹ̀rí yìí ṣe pàtàkì fún ọmọdé ju fún àgbà lọ: lábẹ́ Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kì í búra, a kò sì lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìwé dókítà lè jẹ́ ẹlẹ́rìí kejì. Síbẹ̀, aláìsàn ni ẹni tí ó wọlé wá kí ó tó di ẹlẹ́rìí, ọgbọ́n tí ó wà nínú fífi irú ibẹ̀ sí ọgbà ilé ìwòsàn dípò àgọ́ ọlọ́pàá nìyẹn.

Ní báyìí, kí a dúró sí Owódé Onírin, ní Kòṣọ̀fẹ́, kí a fi ojú ìlò wo wákàtí 72 yìí. Ọjà irin ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Ìkòròdú, lẹ́yìn Mile 12. Ariwo òòlù kì í jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ẹni tí ó ń ké. Láti ibẹ̀ dé LASUTH, Mile 12, Kétu àti Ọjọ́ta ni a óò gbà kọjá, a óò sọ̀ ní Maryland, a óò tún wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí Ìkẹjà. Ọkọ̀ BRT ti ń ná Mile 12 sí CMS láti ọdún 2008, wọ́n sì fa ọ̀nà rẹ̀ dé Ìkòròdú ní ọdún 2015. Ọ̀nà wà nígbà náà. Ohun tí ó kù ni ẹni tí yóò sọ fún ìyá pé kí ó gbé ọmọ rẹ̀ gun ọkọ̀ náà lónìí, kí ó má ṣe dúró di ìgbà tí ẹbí bá ṣe ìpàdé.

Ibí yìí ni iṣẹ́ Kemi DaSilva-Ibru ti wọlé. Dókítà àwọn obìnrin ni. Ó dá WARIF sílẹ̀ ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ náà sì ní ibi ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní Yábàá. Wọn kò dúró de ẹni tí yóò kanlẹ̀kùn nìkan. Wọ́n ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní bí a ṣe ń dá àpẹẹrẹ ìwà ipá mọ̀, àti ibi tí ó yẹ kí a darí ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí. Ìjọba náà ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ láti ọdún 2014. Òfin ọdún 2021 sọ ọ́ di àjọ, èyí tí a mọ̀ sí DSVA. Ṣùgbọ́n àwọn agbẹ̀bí ni ó yani lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí. Àwọn ni àdúgbò ti ń fi àṣírí pa mọ́ sí lọ́wọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn ni wọ́n sì mọ ìlẹ̀kùn tí a kò gbọdọ̀ kàn lójú ọ̀nà.

Ìwòsàn ọkàn ló pẹ́ jù. Oògùn tán ní ọjọ́ 28. Ẹ̀rù, àìsùn àti ìdálẹ́bi ara ẹni kì í gbọ́ kàlẹ́ńdà. 'Gbàgbé rẹ̀' àti 'Má jẹ́ kí ayé gbọ́' ni ọ̀rọ̀ ìtùnú tí ilé sábà máa ń ní, ìfẹ́ sì ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ìdí nìyí tí olùdámọ̀ràn tí ó bá gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi bá ọmọ nìkan sọ̀rọ̀, tí ó fi máa ń pe ìyá náà jókòó.

Bí agbẹ̀bí bá sì sọ fún ìyá kan ní Owódé Onírin pé wọ́n ti ba ọmọ rẹ̀ jẹ́, ilé ni ìyá náà yóò mú ọmọ lọ, yóò sì ti ilẹ̀kùn. Bí ó bá sọ fún un pé ẹnì kan ti fi ipá ṣe ọmọ náà léṣe, pé ọmọ kò jẹ̀bi, pé kí ó ká aṣọ náà sínú àpò bébà, wọ́n lè ti kọjá Maryland kí oòrùn tó wọ̀.